Ọmú àwọn eku tó mu omi lásán dàgbà bíi ti àwọn tó mu àgbo, kí ló fà á?

ỌmọÌdénà_Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná ni.

Ọmọ Kétu ni mí, ní Benin, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń ṣe stage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, báyìí, ní láàbù kan tí wọ́n ti ń sin eku funfun. Mémoire mi, ìwé tí mo máa fi jáde ilé ẹ̀kọ́, dá lórí ewé kan tí àwọn ìyá àgbà wa máa ń sè fún ìyá ọmọ tuntun tí wàrà rẹ̀ ò bá wá dáadáa, mi ò ní dárúkọ ewé náà títí a ó fi parí. Ìyá ìyá mi gan-an ló fi hàn mí, òun ló sè é fún màmá mi nígbà tí wọ́n bí mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí tó báyìí.

Ohun tí a ṣe ni pé a mú abo eku kékeré 24, a já wọn lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ 21, a pín wọn sọ́nà mẹ́rin, mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn kan mu omi lásán, àwọn kan mu àgbo díẹ̀, àwọn kan mu àgbo púpọ̀, àwọn tó kẹ́yìn la gún ní abẹ́rẹ́ estrogen, họ́mọ́ònù tí ilé ẹyin abo máa ń tú jáde, kí a lè rí nǹkan fi wé àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 45 a fi oògùn kùn wọ́n lóorun, a pa wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n jẹ̀rora, a yọ ọmú tó wà nísàlẹ̀ ikùn wọn, a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a rẹ ẹ́ sínú karmín títí ó fi pọ́n, a wá fi oògùn mú kí ọ̀rá rẹ̀ mọ́ gaara kí ẹ̀ka inú rẹ̀ lè hàn. Ó rẹwà o. Ẹni tí kò bá rí i rí, bí igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ tán nígbà ọyẹ́ ló ṣe rí, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé àwọn tó mu omi lásán, ẹ̀ka tiwọn pọ̀ bíi ti àwọn tó mu àgbo, kódà méjì wà nínú wọn tí tiwọn ju ti àwọn tó mu àgbo púpọ̀ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi kà á láìsọ èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ wo fún un, ibì kan náà ló já sí. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé náà ò ṣiṣẹ́, ó tán. Èmi ò gbà. Kì í ṣe pé mo ti pinnu pé dandan ni kó ṣiṣẹ́, ó kàn ń ṣe mí bíi pé ìbéèrè tí a bi àwọn eku yẹn gan-an ni kò tọ̀nà.

Ẹ bá mi dá sí i, họ́mọ́ònù wo gan-an ló ń mú ọmú ẹranko kékeré dàgbà, ṣé estrogen nìkan ni, kí ló sì dé tí àwọn tí a ò fún ní nǹkan kan fi dàgbà tó bẹ́ẹ̀?

Dókítà_Ẹran_Ṣàbẹ́

Àbúrò mi, o kú làálàá. Fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ rẹ ò tíì bàjẹ́.

Ṣé ẹ yọ ilé ẹyin wọn? O ò sọ ọ́, ó sì jọ pé ẹ ò yọ ọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí kò ní estrogen lára nínú àwọn 24 yẹn, àwọn kan gba tiwọn lẹ́nu abẹ́rẹ́, àwọn tó kù ń ṣe é fúnra wọn. Abo eku, ojú ara rẹ̀ máa ń pa dé látìgbà tí wọ́n ti bí i, nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 40 ló máa ń ṣí, ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ó ti ń bàlágà, pé ilé ẹyin rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 45 lẹ pa wọ́n. Wá wò ó, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti fi ń fún ara wọn ní estrogen kí ẹ tó là wọ́n?

Jẹ́ n fi souris ṣàlàyé, ẹlírí funfun inú láàbù yẹn, torí òun ni wọ́n wò jù. Nígbà tí wọ́n bá bí i, ọmú rẹ̀ kò ju ẹ̀ka bíi 10 sí 15 lọ, lábẹ́ orí ọmú, nínú ọ̀rá. Títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ka yẹn kàn ń bá ara rìn ni, kò sáré ju ara lọ. Àfi ìgbà tí ilé ẹyin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú estrogen jáde, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á wú, á rudi, ìrudi yẹn ló ń wọnú ọ̀rá lọ tó ń gbẹ́ ọ̀nà síwájú, tó ń pín sí méjì, tó tún ń pín, títí di ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, nígbà tó bá kan etí ọ̀rá ìrudi á pòórá, ẹ̀ka á dúró. Bí ẹ bá yọ ilé ẹyin rẹ̀ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ka ò ní lọ síbì kankan. Bí ẹ bá dá estrogen padà fún un, láàárín ọjọ́ mélòó kan ìrudi á tún yọ. Wọ́n tiẹ̀ ti bí souris tí kò ní ibi tí estrogen ń bà lé nínú ara rẹ̀, ERα ni wọ́n ń pe ibi yẹn, ẹran náà dàgbà tán, ọmú rẹ̀ dúró bíi ti ọmọ tuntun.

Nítorí náà àwọn tó mu omi lásán ò ṣe ohun àjèjì kankan. Wọ́n ń bàlágà ni. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewé kan ń ṣe bí estrogen, àfi kí o kọ́kọ́ pa ẹnu estrogen ti ara wọn dé.

Ìyá_Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ ọ̀rọ̀ eku o, agbẹ̀bí ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọmọ mi yìí ní nǹkan kan. Ìyá àgbà tó fi ewé yìí hàn ẹ, ta ló máa ń sè é fún? Ṣé ọmọdébìnrin tí kò tíì yọ ọmú ni àbí ìyá tó ti bímọ?

Ìyá tó ti bímọ ni. Ọmú tiẹ̀ ti pé, ọ̀nà ti wà, àpò ti wà, wàrà ló ń lọ́ra. Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé àgbo ìyá ọlọ́mọ fún ọmọ eku tí kò tíì mọ akọ? Mi ò fi bú ẹ o, ó kàn jọ mí lójú ni. Mo bá ẹ gbà pé ìbéèrè yẹn ni kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ họ́mọ́ònù àti ọmọ kékeré, torí mo máa ń rí i gan-an níbi iṣẹ́. Ọmọ tuntun, ì báà jẹ́ ọkùnrin ì báà jẹ́ obìnrin, ọmú rẹ̀ lè wú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí i, omi wàrà tiẹ̀ lè yọ níbẹ̀. Họ́mọ́ònù tó bá a láti inú ìyá rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe àjẹ́. Àwọn ìyá àgbà wa á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fún un jáde. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Títẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí kòkòrò wọ ibẹ̀ kó di eéwo, mo ti rí ọmọ ọjọ́ méjìlá tí wọ́n ní láti la ọmú rẹ̀ nítorí ẹ̀, igbe tó ń ké lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Aláàbù_Wa

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà Ṣàbẹ́ ti sọ ti estrogen, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n estrogen ò lè dá a ṣe. Ní 1958 Lyons, Li àti Johnson, ní Amẹ́ríkà, mú eku, wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀, wọ́n yọ pituitary tó wà lábẹ́ ọpọlọ, wọ́n tún yọ adrenal tó jókòó lórí kíndìnrín, kí ara eku náà má baà fi họ́mọ́ònù tirẹ̀ da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n wá ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Estrogen pẹ̀lú growth hormone (èyí tó ń mú ara dàgbà) àti họ́mọ́ònù adrenal, ẹ̀ka yọ. Wọ́n fi progesterone (họ́mọ́ònù oyún) àti prolactin (họ́mọ́ònù wàrà) kún un, àpò kéékèèké tí wàrà ń ti inú rẹ̀ wá yọ sára ẹ̀ka. Wọ́n wá yọwọ́ estrogen àti progesterone, wọ́n fi prolactin àti ti adrenal sílẹ̀, wàrà dé. Mo máa ń ka iṣẹ́ yẹn ní àkàtúnkà, ó mọ́ tónítóní, gbogbo ọ̀nà tí ọmú ń gbà láti ọmọdé dé ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n tò sílẹ̀ lára ẹran tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Tiwa náà kò yàtọ̀ púpọ̀, màmá agbẹ̀bí mọ̀ pé ìgbà tí ibi ọmọ bá bọ́ tí progesterone sì wálẹ̀ ni wàrà tó ń ya wọlé.

Nítorí náà, àbúrò, ẹ̀ka lo kà, wàrà ni ewé rẹ ń lépa. Ọ̀nà méjì ni. Ewé lè má fi ẹ̀ka kan ṣoṣo kún ọmú ọmọdé eku kó sì mú wàrà ìyá pọ̀, ó sì lè rí òdìkejì.

Growth hormone yẹn náà, họ́mọ́ònù mìíràn tí wọ́n ń pè ní IGF-1 ló ń rán níṣẹ́. Souris tí kò bá ní IGF-1, ẹ dá estrogen sí i lára bó ti wù kó pọ̀ tó, kò ní rudi. Ohun tó tún wú mi lórí ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹ̀yà inú ọmú ló ń gbọ́ ohùn estrogen, díẹ̀ nínú wọn ló ń gbọ́ ọ, àwọn ló ń kéde fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí akéde ọba ṣe ń lu agogo ládùúgbò, agogo yẹn ni wọ́n ń pè ní amphiregulin, àwọn tó gbọ́ agogo ló ń pọ̀ sí i.

Ó wá ku ti àwọn méjì tó yàtọ̀ yẹn. Kí lẹ ń fún wọn jẹ? Inú kí ni wọ́n ń gbé? Má rò pé ìbéèrè kékeré ni. Ní 1998, níbi tí Patricia Hunt ti ń wo ẹyin souris ní Amẹ́ríkà, ẹyin àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n wá a títí, ọṣẹ tí kò yẹ ni wọ́n fi fọ ilé wọn, ọṣẹ náà jẹ ike rẹ̀, bisphenol A ń ti ara ike yọ́ sára ẹran, nǹkan náà sì máa ń ṣe bí estrogen. Ní 2003 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí eku rẹ̀ ń jẹ àti ibi tó ń sùn kò tíì mọ ohun tó fún un.

ỌmọÌdénà_Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ilé wọn, ike àtijọ́ ni, ó ti ń di kùrukùru, mi ò mọ irú ike tó jẹ́. Ti oúnjẹ ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Àpò àkọ́kọ́ láàbù ló rà á, ó tán nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọjọ́ 30. Owó ò sí, èmi ni mo lọ ra èkejì fúnra mi ní Kétu, mo gbé e sẹ́yìn zém, ọ̀kadà wa níbí, dé ibùdókọ̀, mo bá ọkọ̀ gba Pọ́bẹ̀ àti Sákété wá. Ẹni tó pò ó fún mi sọ fún mi lójú ara mi pé àgbàdo ti wọ́n, pé òun fi tourteau sójà dípò, èyí tó máa ń ṣẹ́ kù tí wọ́n bá ti fún epo sójà tán. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí mo rò pé á mú wọn sanra.

Ilé méjì ni àwọn tó ń mu omi lásán ń gbé, mẹ́ta mẹ́ta. Ilé tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àpò tuntun yẹn, àwọn tó kù ṣì ń jẹ ìsàlẹ̀ àpò ti tẹ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn méjì tí mo sọ, ilé ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n wà.

Aláàbù_Wa

O ṣeun tí o sọ ọ́ bó ṣe rí, ọ̀pọ̀ ò ní sọ.

Sójà ní genistein àti daidzein nínú, àwọn méjèèjì lè jókòó síbi tí estrogen ń jókòó sí, wọn ò lágbára tó o, ṣùgbọ́n eku tó bá ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ á jẹ púpọ̀. Ìfun eku tún máa ń sọ daidzein di equol, equol yẹn sì lágbára ju bàbá rẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni pé iye tó wà nínú àpò kan kì í ṣe iye tó wà nínú òmíì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wo estrogen fi máa ń fún ẹran wọn ní oúnjẹ tí kò ní sójà rárá, casein inú wàrà ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́ má tíì kọ ọ́ pé sójà ló ṣe é. Gbogbo wọn ló padà jẹ àpò kejì, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín, eku méjì sì kéré láti fi dájọ́. Ọjọ́ orí wọn ńkọ́, ṣé inú ìyá kan náà ni wọ́n ti wá? Tí àwọn méjì yẹn bá fi ọjọ́ mẹ́ta ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn nìkan tó láti fi ẹ̀ka kún un, ọjọ́ là ń kà fún ẹran kékeré, a kì í ka ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ tọ́jú ilé ọmọ wọn?

Ìyá_Wàgàsì

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, àyà mi wá já báyìí. Wàgàsì sójà, wàrà dídì tí a fi sójà ṣe, ni mò ń tà ní Kétu, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọbìnrin mi mẹ́ta. Ṣé kí n má fún wọn mọ́ ni? Ṣé á mú wọn bàlágà kánkán?

Ìyá_Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀. Eku yẹn ò ní oúnjẹ mìíràn, láti àárọ̀ dé alẹ́, láti ọjọ́ dé ọjọ́, inú àpò kan ṣoṣo ló ti ń jẹun. Ọmọ yín ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń jẹ iṣu, ó ń jẹ ẹ̀wà, wàgàsì sì wà lórí rẹ̀ bí ẹran. Ìfun wa náà ò sì rí bíi ti eku, equol tí wọ́n ń sọ yẹn, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń lè ṣe é nínú ara. Oúnjẹ gidi ni ẹ fi tọ́ wọn, ọmọ tí kò rí ẹran jẹ, sójà ló ń gbà á lọ́wọ́ àìjẹunre-kánú níbí, mo rí i lójú mi. Tí ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró láti bi ara yín pé oúnjẹ wo ló jẹ.

ỌmọÌdénà_Kétu

Ilé ọmọ wọn wà nínú formol, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, gbogbo 24, mo kọ nọ́ńbà sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìyá mẹ́rin ló bí wọn, ṣùgbọ́n a dà wọ́n pọ̀ nígbà tí a ń pín wọn, mi ò lè mọ ọmọ ta ni ta mọ́. Ó dùn mí.

Dókítà_Ẹran_Ṣàbẹ́

Má jẹ́ kó dùn ọ́ jù, ó wà ní kíkọ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Wọn ilé ọmọ yẹn, kí o fi bébà gbẹ omi ara rẹ̀ dáadáa kí o tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí o sì fi ìwúwo eku náà pín in. Estrogen máa ń mú ilé ọmọ wúwo, òun ni wọ́n ti ń fi dán an wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 45 eku ti ń yí oṣù tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ló fi ń yí i ká, ilé ọmọ èyí tó bá fẹ́ gba akọ lálẹ́ ọjọ́ náà máa ń kún fómi, òun náà á wúwo láìjẹ sójà. Nítorí náà fi ṣe ẹlẹ́rìí, má fi ṣe adájọ́.

Ní ti ewé, tí ọ̀gá rẹ bá gbà, èyí tí ìyá àgbà rẹ sọ gan-an ni kí ẹ dán wò. Abo eku tó ti bímọ, ẹ ṣe ọmọ tó wà lábẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan kó bára dọ́gba, mẹ́jọ mẹ́jọ ti tó. Ẹ fún ìyá kan ní àgbo, ẹ fún èkejì ní omi. Lójoojúmọ́, ẹ gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá fún wákàtí mélòó kan níbi tó móoru, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ dá wọn padà kí wọ́n mu ọmú fún wákàtí kan, ẹ tún wọ̀n wọ́n, ohun tó bá fi lé e ni wàrà tí wọ́n mu. Kò sí èyí tí ẹ máa pa kí ẹ tó mọ̀. Èmi náà ń sin ọ̀yà nílé, wíwọ̀n ọmọ yìí ni mo fi ń mọ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú dáadáa àti èyí tí kò ṣe é.

ỌmọÌdénà_Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin màmá, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo fi ìjíròrò yìí han ọ̀gá mi ní ọ̀sán yìí, ó kà á, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n mú èyí tí a ti ṣe ṣe apá kìíní, kí n kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọjọ́ orí sí i láìfi nǹkan kan pamọ́, pé tí mo bá rí abo eku mẹ́fà tó lóyún òun á jẹ́ kí n ṣe ti wàrà yẹn. Mẹ́rin ti wà nílé.

Mo ti pe ìyá àgbà lórí fóònù. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ àgbo yẹn, wọ́n ní ọjọ́ kẹta, pé tó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní, omi ẹja àti ọmọ tó ń fa ọmú léraléra ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ná. Ọjọ́ kẹta náà ni èmi náà á ti bẹ̀rẹ̀. Casein ni mò ń wá kiri báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.